Àwọn ọmọ tó bá ẹbọ pàdé ní Òkè-Afá

Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ńtayé ni a ó máa bá lọ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi jì mí, a ó padà síbẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa tí mi ò lè gbé mì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, aago méje kọjá díẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí Ifá tán, mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu, ni ọmọkùnrin kan tí ilé wọn kò jìnnà sí tèmi kanlẹ̀kùn. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá. Wọ́n ní kí n wá pè yín. A rí nǹkan." Mo bi í pé kí ni wọ́n rí. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Nǹkan yín ni, sà."

Mo bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń sọ. Ní Ìsọlọ̀ níbí, bí ọmọdé bá rí igbá, epo àti ẹyẹ níbì kan, kò ní béèrè ẹni tó gbé e síbẹ̀. Tiwa ni. Mo wọ bàtà, mo mú obì kan dání, mo tẹ̀lé e.

Àwọn ọmọ tó rán an wá tó ọgbọ̀n, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àwọn kan ṣì wà níléèwé girama, àwọn mìíràn ń dúró de èsì JAMB, méjì ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Wọ́n wá láti Ìsọlọ̀, láti Ejígbò, láti Ọ̀kọ́tà, kódà méjì wọkọ̀ wá láti Mafolúkù. Ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀, ọmọ Ìgbò pọ̀ níbẹ̀, ọmọ Hausa kan náà wà. Kò sí ìjọ tó kó wọn jọ, kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tó fún wọn ní fìlà. Orí fóònù ni wọ́n ti bára wọn sọ ọ́ pé kí àwọn wá gbá àyíká ibi ìrántí tó wà lẹ́bàá kánáàlì Òkè-Afá kó tó di 27 oṣù náà, nítorí pé àwọn ẹbí olóògbé máa ń wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n dáwó, wọ́n ra ìbọ̀wọ́ àti àpò ìdọ̀tí, wọ́n yá ṣọ́bìrì mẹ́ta àti réèkì kan.

Nígbà tí mo débẹ̀, àpò bíi mẹ́wàá ti kún. Omi inú ọ̀rá ló pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ike ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti dúró. Gbogbo wọn ti sún sẹ́yìn, wọ́n ṣe bí òṣùpá àárín oṣù, bí ìgbà táwọn èèyàn bá rí ejò. Ọmọbìnrin tó mú réèkì ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù léraléra. Ọmọkùnrin kan ń kéwú lábẹ́lẹ̀. Ọmọ Ìgbò kan fi èdè pijin bi mí bóyá orí òun máa dàrú, nítorí ó ti fọwọ́ kàn án kó tó mọ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó. Ọ̀rá dúdú ni, ọ̀rá mìíràn wà nínú rẹ̀, wọ́n so ó ní kókó méjì. Nínú ọ̀rá kejì ni abọ́ funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ilé oúnjẹ wà, èyí tí ìjọba Èkó ti fòfin dè láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024. Inú abọ́ yẹn ni ẹbọ wà: ẹ̀kọ, àkàrà, epo pupa, awẹ́ obì, ẹyẹlé kan. Ẹbọ tó pé ni. Ẹni tó rú u mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n eèrà ti yí ọ̀rá náà ká láti òkè délẹ̀, wọ́n ń rìn ká, wọn ò rọ́nà wọlé.

Ojú tì mí. Kì í ṣe nítorí àwọn ọmọ náà. Àwọn eèrà yẹn ni ojú wọn tì mí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kó tó di pé ẹnì kan jẹ́wọ́ fún mi. Bí ẹbọ yẹn kò bá ti ọwọ́ mi jáde, ó lè ti ọwọ́ mi jáde. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan wá dáfá lọ́dọ̀ mi, Ifá yan ẹbọ, ó sì ní etí omi ni kí wọ́n gbé e lọ. Mo tò ó sínú igbá. Ọkùnrin náà wo igbá, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, inú dánfó ni mo máa wọ̀ o." Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Kí ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó sì de táì gbé igbá epo lé itan láti Ọ̀ṣọ́dì dé Ìsọlọ̀, kí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ máa pariwo lé e lórí, kí obìnrin tó jókòó tì í máa ké pe Ọlọ́run. Ó bẹ̀ mí kí n bá òun fi í sínú ọ̀rá. Mo fi í sínú ọ̀rá. Mi ò sọ fún un pé kó tú ọ̀rá náà tó bá débẹ̀. Mi ò tiẹ̀ rántí. Láti ìgbà náà, mi ò lè ka iye ẹbọ tí mo ti bá èèyàn dì bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, orí àpáàdì, inú àkúfọ́ igbá tàbí orí ewé ni ẹbọ ń wà. Kì í ṣe pé àwọn bàbá wa kò ní nǹkan tó dára ju àpáàdì lọ. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí a bá gbé sílẹ̀ fún ilẹ̀, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ lè jẹ ẹ́. Ajá jẹ tirẹ̀, adìyẹ ṣa tirẹ̀, eèrà kó ìyókù. Bó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ibẹ̀ ti mọ́.

Ọ̀gá gbogbo wọn sì ni gúnnugún. Gbogbo awo tó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ̀ pé láyé àtijọ́, bí igún kò bá bà lé ẹbọ, ọkàn ẹni tó rú u kì í balẹ̀. Mo rántí wọn dáadáa, wọ́n máa ń tò sórí páànù ọjà bí àwọn àgbààgbà tó wá ìpàdé, orí wọn pá, ọrùn wọn rọ́. A kì í pa á, a kì í jẹ ẹ́. Ìgbà wo lẹ rí igún kẹ́yìn ní Ọ̀ṣọ́dì? Èmi ò lè rántí. Lọ́dún 2015, àjọ IUCN, tó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parẹ́ láyé sílẹ̀, kọ irú igún tó ń bá èèyàn gbé láàárín ìlú yìí mọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le jù. Májèlé ń pa wọ́n, igi tí wọ́n ń sùn sí ń tán, èèyàn sì ń pa wọ́n. Àwọn wo ló ń pa wọ́n? Ní Guinea-Bissau, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, igún tó lé ní 2,000 ló jẹ májèlé kú, wọ́n sì bá òkú àwọn kan láìní orí. Ẹni tó gé orí igún lọ kò fẹ́ fi se ọbẹ̀. Àwọn tó ń ta orí igún nílé ewé wa níhìn-ín náà mọ ara wọn. A ní èèwọ̀ ni, àwọn kan nínú wa sì ń rà á.

Nítorí náà, a pa ẹni tó ń gbálẹ̀ ẹbọ, a tún wá di ẹbọ náà pa mọ́ sínú ohun tí eèrà kò lè gé jẹ. Lẹ́yìn náà, bí ọmọdé bá kígbe nígbà tó rí i, a ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ àṣà.

Mo kí ilẹ̀. Mo kí Èṣù. Mo ya obì náà, mo béèrè bóyá mo lè ṣí i nípò. Obì yàn. Mo tú kókó méjèèjì, mo gbé ẹbọ náà jáde pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, mo ní kí wọ́n gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wá fún mi, mo sì tò ó sórí ewé náà nídìí igi kan tó wà létí omi, níbi tí ẹsẹ̀ kì í gbà. Mo wá na ọ̀rá méjèèjì àti abọ́ sí ọmọbìnrin tó mú réèkì. Mo ní, "Èyí tó wà lórí ewé ni tèmi. Èyí ni tiyín." Kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà á. Nígbà tó yá, ó ṣí ẹnu àpò, ó ní kí n jù ú sínú rẹ̀ fúnra mi. Mo jù ú. Kó tó di pé mo dìde tán, eèrà ti gun ewé náà.

Mo rò pé mo máa padà sílé ni. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó wá pè mí bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n sin èèyàn síbí?"

Ó yà mí lẹ́nu. Àṣé wọ́n mọ̀ pé àwọn ẹbí olóògbé ń bọ̀, púpọ̀ nínú wọn kò mọ ohun tó pa olóògbé. Ọ̀kan sọ pé òun rò pé olóṣèlú kan ni wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ìrántí. Ẹ má dá wọn lẹ́bi, wọn kò tíì dáyé nígbà náà. A jókòó sórí koríko, mo sọ ọ́ fún wọn.

Ọjọ́ Àìkú ni, 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2002, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Iná ran ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà pa mọ́ sí ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú, ó sì ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Níhìn-ín, ilẹ̀ ń mì, gíláàsì fèrèsé ń já bọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní ogun ni, àwọn kan ní ṣọ́jà ti gbàjọba. Gbogbo èèyàn tú síta, wọ́n ń sá, òbí ń wá ọmọ, ọmọ ń wá òbí. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Àwọn tó gba apá Òkè-Afá la inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá, wọ́n dé etí kánáàlì. Ewéko ti bo ojú omi náà, ó sì dà bí ilẹ̀. Àwọn tó wà níwájú gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n wọlé sínú omi. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò ríran, wọ́n ń tì wọ́n. Ìròyìn sọ pé àwọn tó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà lé ní 1,000, inú omi yìí sì ni púpọ̀ nínú wọn kú sí. Ọmọdé ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Èmi kò sí níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni mo débẹ̀, mò ń wá ọmọ aládùúgbò wa kan. A rí ọmọ náà láàyè, lẹ́yìn ọjọ́ méjì, nílé àjèjì kan ní Ejígbò. Ohun tí mo rí létí omi ni bàtà. Sálúbàtà wẹ́wẹ́ bẹẹrẹ, ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún.

Mo sọ fún wọn pé ewéko ló tan àwọn èèyàn náà jẹ. Omi tí kò ríbi ṣàn, tí a ń da ìdọ̀tí sí, ewé ni yóò bò ó. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ Ìgbò tó bi mí nípa orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan dìde. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun wà nínú wọn, bàbá òun kì í gba ọ̀nà yìí kọjá títí dòní, òun kò sì tíì sọ fún un pé ibí lòun ń bọ̀. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó padà sídìí gọ́tà tí wọ́n ti ń kó ẹrẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mo jókòó, mò ń wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ti pẹ́ lórí wa ní Èkó. Mo jẹ́ ọ̀dọ́ lọ́dún 1984 nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò WAI dé, tí ìgbálẹ̀ di ọ̀ranyàn. Títí di oṣù Bélú ọdún 2016, tó bá ti di Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn láti aago méje sí mẹ́wàá òwúrọ̀. Ọ̀pọ̀ wa kì í gbálẹ̀ o, a máa ń sùn ni. Ìgbà tí ìjọba Èkó fagi lé òfin má-rìn náà, oorun nìkan ni àwọn mìíràn pàdánù. Ẹ sì wá wo àwọn tí kò sẹ́ni tó fi ọlọ́pàá lé wọn jáde nílé. Mo gbọ́ pé Estonia, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, ni irú èyí ti di ńlá: ní 3 oṣù Èbìbì ọdún 2008, èèyàn tó lé ní 50,000 jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kó ìdọ̀tí tó tó 10,000 tọ́ọ̀nù láàárín wákàtí márùn-ún. Ọ̀rọ̀ náà tàn káyé títí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi fi 20 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ sílẹ̀ fún un. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Ajégúnlẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wà tí òbí ti lè fi ike àti ọ̀rá san nínú owó iléèwé ọmọ.

Wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jọ àwa lójú bí ohun àjèjì. Ta ló ń yẹ ọ̀nà odò kí ọdún òrìṣà tó dé? Ta ló ń ro ọ̀nà igbó? Àwọn ọ̀dọ́ ni, ẹgbẹ́ lẹ́gbẹ́, ọ̀gbà lọ́gbà. Àgbà kì í mú ìgbálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àgbà á jókòó síbi òjìji, á máa fi ẹnu ṣiṣẹ́, bí mo ṣe ń ṣe níjọ́ náà. Ẹni tí kò bá wá, ẹgbẹ́ rẹ̀ á bu owó ìtanràn lé e. Ibi tí wọ́n bá gbá ni òrìṣà ń gbà kọjá. A ṣì wà ní Òṣogbo lóṣooṣù Ògún, nínú igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, igbó tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣọdẹ, kò gbọdọ̀ pẹja, kò gbọdọ̀ gégi níbẹ̀. Ẹ wá wo etí odò náà lọ́jọ́ kejì ọdún. Àwọn tó ń wa góòlù ti ba omi náà jẹ́ lókè, débi tí ìjọba Ọ̀ṣun fi kìlọ̀ lọ́dún 2022 pé kí èèyàn má mu ún. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi wa. Ṣùgbọ́n ike tí a fi bu omi, ta ló jù ú sílẹ̀?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìtàdógún wa. Ó di ariwo. Awo àgbà kan, tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, ní mi ò ṣe dáadáa, pé ẹbọ tí a ti gbé kalẹ̀ kò tún ní ọwọ́ ọmọ aráyé tó gbọdọ̀ kàn án, àti pé mo ń kọ́ àwọn ọmọ onígbàgbọ́ láti máa kó ẹbọ bí ẹní kó pàǹtí. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò nítumọ̀, nítorí ẹlòmíràn wà tó máa rí èyí tó máa fẹsẹ̀ ta á. Èsì tèmi ni pé ohun tí Èṣù bá ti gbà, ó ti gbà á, ìyókù jẹ́ ti ilẹ̀. Ọ̀rá kò sì sí nínú ohun tí Ifá yàn. Ìyánífá kan tó ti ń gbọ́ wa láti àárọ̀ ló wá bi àgbà náà pé, "Bàbá, ta ló máa ń kó o tẹ́lẹ̀? Igún dà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ara rọ̀ díẹ̀.

A kò fohùn ṣọ̀kan lórí gbogbo rẹ̀. Nínú ilé tèmi, mo ti ṣe ìpinnu. Ẹbọ kò tún ní bá ọ̀rá jáde mọ́. Inú ewé ni, kí a wá gbé ewé sínú apẹ̀rẹ̀ onídèérí. Bí ojú bá ń ti ẹni tó rúbọ, ọmọ awo yóò bá a gbé e, yóò sì mú apẹ̀rẹ̀ padà wá. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí, mo máa ń fi ìbò bi Ifá bóyá kí a rì í mọ́lẹ̀. Ó ti gbà lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin onítáì ọjọ́sí tún padà wá lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó wo apẹ̀rẹ̀ náà títí, ó ní ó jọ ti ìyá òun tó máa ń ta ẹ̀kọ. Ó gbé e fúnra rẹ̀.

Ní 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́, mo lọ sí Òkè-Afá, mo dúró lẹ́yìn pátápátá. Àwọn ẹbí wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sunkún. Ibẹ̀ mọ́. Ọmọ Ìgbò yẹn wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ti hu ewú díẹ̀ sì dúró tì í, ó ń wo omi, kò sọ nǹkan kan.

Ìyẹn kò tíì tán o. Lánàá ni àwọn ọmọ náà tún rán sí mi. Wọ́n fẹ́ gba òdìkejì kánáàlì ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹrẹ̀ ibẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ṣọ́bìrì mẹ́fà làwọn nílò. Méjì ló wà nílé mi, ìrù ọ̀kan sì ti kán. Ẹ̀yin awo tẹ ń gbé Ọ̀ṣọ́dì, Ṣógunlé àti Ìlasàmàjà, tẹ́ ẹ bá ní ṣọ́bìrì, ẹ mú un wá kí aago méje tó lù.